Àbàwọ́n Ẹ̀yìn Ìjókòó Dírẹ́bà

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

Obìnrin tí Sájẹ́ǹtì ń bá sọ̀rọ̀ ti ki orí bọ inú ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ wá sí àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta, ọ̀kan sì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbọ́ orin. Kí-ló-fà-á ni gbogbo àgọ́ ń pè é, nítorí bí èèyàn bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò béèrè ohun tó fà á. Òun ni àgbà ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọn. Kì í lè jókòó lójú kan. Ìdúró ló fi ń jẹun. Bó bá ní ìwé láti kọ, orí fèrèsé ló ń gbé e lé. Àmọ́ ti òní yìí tún yàtọ̀. Láti òwúrọ̀ ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ rárá, ohun tó sì ń lé e kiri kì í ṣe ohun kékeré.

Ìyá àgbàlagbà kan ló sọnù. Màmá Onítẹ̀wé ni àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí ilé ìtẹ̀wé tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé dìde lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Láàárọ̀ àná, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde nílé. Kò dé ibi iṣẹ́, kò sì padà sílé. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra, ojoojúmọ́ ló sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wà nínú fíríìjì ọmọ rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò fi bọpo bọyọ̀: bí ilẹ̀ òní bá ṣú kí wọ́n tó rí i, kí wọ́n má wulẹ̀ sáré mọ́.

Ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó wà lọ́gbà Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó ń tún inú ọkọ̀ ṣe fún àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá já wọ ibẹ̀, inú ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n ti bá a lórí ìkúnlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tó ń fọ ìjókòó.

"Wá, wò ó," Kí-ló-fà-á wí nígbà tó yá.

Awọ súẹ́dì ni wọ́n fi bo àwọn ìjókòó náà, awọ tó nírun kíkúrú, tó rọ̀ lọ́wọ́ bí etí ọmọ ológbò. Àwọ̀ eérú ni. Lókè ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà, níbi tí èjìká máa ń gbé kàn án, ibì kan dúdú, ó fẹ̀, ó sì ti le. Inú rẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì ti rí àwọn ohun pupa wínníwínní.

Kí-ló-fà-á gé sẹ́lótéèpù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó ṣí i, ó sì gbé e sókè sí oòrùn.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ̀jẹ̀ wo lo ti rí rí tó ń hu irun?"

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ ọn. Lóòótọ́, irun ni: tíntìntín, pupa rúsúrúsú, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí òwú.

"Bóyá Màmá kun irun ni, Ọ̀gá."

"Irun Màmá funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìwọ lo fi fọ́tò wọn hàn mí." Ó ti ń lọ sápá ibi tí àtìmọ́lé wà. "Jẹ́ ká lọ bá ìyá oníbúrọ́ọ̀ṣì."

*

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì kò jẹ́ kí wọ́n jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lóòrùn? Ẹ ò mọ ohun tí oòrùn ń fi súẹ́dì ṣe! Á gan bí ẹja gbígbẹ!"

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ ná," Kí-ló-fà-á wí.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbé mi débí, ẹ wá ní kí n fi sílẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì fajú ro. "Àwọn aládùúgbò rẹ gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ò ń lérí mọ́ Màmá. O ní wàá kọ́ wọn lọ́gbọ́n."

"Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà nìyẹn!"

"Kàlẹ́ńdà wo?"

"Èyí tí mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Wọ́n gbé oṣù kejì ọdún, wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko! Gbogbo èèyàn ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ọkọ̀ wá, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ tuntun tí mo dá sílẹ̀. Ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín ni?"

Sájẹ́ǹtì yíjú sí ògiri, ó wúkọ́. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọgbọ́n wo lẹ fẹ́ kọ́ wọn?" Kí-ló-fà-á béèrè.

"Pé mi ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn mọ́ láyé. Nígbà tí mo wá rí ọkọ̀ lẹ́nu géètì mi láàárọ̀ yìí, tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí táyà bí wọ́n ti máa ń fi sílẹ̀, inú mi rọ̀. Mo ní Màmá ló ń fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀ mí." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èmi àti ìyá yẹn ti jọ ń bá a bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Tí wọ́n bá bínú, wọ́n á bú mi. Tí mo bá bínú, èmi náà á bú wọn padà. Ṣé ẹni téèyàn ń bá jà báyẹn lèèyàn ń pa?"

Kí-ló-fà-á gbé sẹ́lótéèpù náà síwájú rẹ̀. "Irun yìí wà lára ìjókòó dírẹ́bà. Ṣé ti búrọ́ọ̀ṣì yín ni?"

Obìnrin náà kàn fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì pupa fọ ìjókòó eérú, àrùn ló ń kó ràn án. Mi ò tíì dé ìjókòó dírẹ́bà rárá. Ibi tó rọrùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan ti ba ibẹ̀ yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bà á jẹ́ báwo?"

"Ó fi búrọ́ọ̀ṣì oníde ha á. Irú èyí tí wọ́n fi ń fọ bàtà. Bàtà súẹ́dì nípọn, ó lè gbà á. Ti ọkọ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ padà lọ wò ó, ó ti pá níbì kan bí orí bàbá àgbà. Àti pé fáníìṣì tútù wo lèèyàn ń ha? Bẹ́ ẹ bá ha á, ńṣe lẹ̀ ń rì í mọ́lẹ̀. Aṣọ funfun la máa ń tẹ̀ mọ́ ọn jẹ́jẹ́, tí aṣọ á fi mu ún. Ẹ yí aṣọ, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sípíríìtì díẹ̀, lórí aṣọ o, kì í ṣe lórí ìjókòó. Tó bá gbẹ tán pátápátá lẹ tó ń wá búrọ́ọ̀ṣì."

Ẹsẹ̀ Kí-ló-fà-á dúró sójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

"Fáníìṣì tí wọ́n fi ń kun igi lẹ pè é?"

"Ẹ lọ gbóòórùn rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

Sájẹ́ǹtì kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

*

Fáníìṣì ni lóòótọ́. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú awọ náà, ó ń ta imú.

Kí-ló-fà-á jókòó sórí ìjókòó dírẹ́bà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ibi tí wọ́n ti ń tẹ iná ọkọ̀; èjìká rẹ̀ kò sì ga dé ibi àbàwọ́n. Ó bọ́ sílẹ̀. "Ìwọ, jókòó."

Sájẹ́ǹtì jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn án wẹ́rẹ́. Èjìká rẹ̀ sì bo àbàwọ́n náà bí ìdérí ìkòkò.

"Màmá kò ga jù mí lọ," Kí-ló-fà-á wí. Ó ti ń yí ọkọ̀ náà po. "Ẹni gíga ló wa ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ló fi gbé fáníìṣì wọlé. Nígbà tó rí i, ó fẹ́ nu ún. Ó mọ súẹ́dì díẹ̀, torí kò fi omi kàn án. Òpè ì bá bu omi sí i. Búrọ́ọ̀ṣì bàtà rẹ̀ ló mú, ó sì fi irun bàtà pupa rọ́pò àbàwọ́n. Nígbà tó wá rí i pé òun ti bà á jẹ́, ó gbé e lọ fún Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì kó bá òun parí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tún tẹ ìyá yẹn níbẹ̀, èrè ọ̀fẹ́ nìyẹn fún un."

"Káfíńtà ni, Ọ̀gá! Ta ló tún ń fi fáníìṣì para bí káfíńtà? Ẹ jẹ́ ká lọ kó wọn!"

"Káfíńtà á kó o sọ́wọ́, á kó o sí àyà, á kó o sí orúnkún. Kí ló gbé e dé ẹ̀yìn èjìká nìkan?"

"Bóyá ó rẹ ẹni náà, ó fara ti ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn tó ń rùn báyìí? Imú rẹ̀ ń ṣe kí ni?" Ó dúró. Ó wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. "Sájẹ́ǹtì, wọlé síbẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ tì ọ́ mọ́lé. Má gbà fún mi."

"Ọ̀gá, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Wọlé, jàre."

Sájẹ́ǹtì wọlé. Kí-ló-fà-á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ tì í. Sájẹ́ǹtì tì í padà láti inú. Ilẹ̀kùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Lójijì, láìrò ó tẹ́lẹ̀, ó yí padà, ó fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lé ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta ilẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá ihò kọ́kọ́rọ́.

Àwọn tó ń wò ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ́ bí Sájẹ́ǹtì ṣe ń ti igi náà látinú.

"Ẹnì kan ń tì í láti inú," ó wí jẹ́jẹ́. "Ìdí tó fi fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé e nìyẹn. Màmá ń ti ilẹ̀kùn yẹn láti inú."

Sájẹ́ǹtì ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rín ti tán lójú òun náà.

"Ta ló ga," Kí-ló-fà-á wí, "tó ń wọ bàtà súẹ́dì pupa, tó sì mọ̀ pé orí táyà ni Màmá ń fi kọ́kọ́rọ́ sí fún Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì? Èyí kì í ṣe ará òde."

*

Ọmọbìnrin Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó hàn pé kò tíì fojú kan oorun. Ife kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń nù, ó nù ún nù ún, kò gbé e sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dìde ní yàrá àlejò, ọkùnrin gíga tó múra dáadáa, ọ̀rọ̀ ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí òróró.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé obìnrin yẹn ti jẹ́wọ́?"

"Kò tíì jẹ́wọ́."

"Ẹ má ṣe rọra pẹ̀lú ẹ̀ o. Irú wọn le."

"Ẹ jókòó, mà," ọmọ Màmá wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, ìdí mi kì í gba ìjókòó." Kí-ló-fà-á ti dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí bàtà wà lórí pẹpẹ, wọ́n tò bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de olùkọ́. "Áà! Ta ló ni àwọn bàtà tó ń dán báyìí?"

"Ta ló tún kù bí kò ṣe Dádì?" ọmọ Màmá wí, ó ń fojú júwe ọkọ rẹ̀. "Ó fẹ́ràn bàtà jù mí lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò lè mú un mọ́ra.

"Pupa yìí ńkọ́?" Kí-ló-fà-á na ìka sí i.

"Ẹ rọra o, mà! Súẹ́dì ni."

"Èmi náà ní ọ̀kan, ó ti dà bí awọ ewúrẹ́ tí òjò pa. Kí lẹ fi ń fọ tiyín?"

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ ọn. Ó fa dúrọ́ọ̀ pẹpẹ náà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, irun rẹ̀ ń dán bí ide. "Èyí nìkan ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín lọ́jà. Ìhà kan ṣoṣo lẹ máa gbá a sí."

Kí-ló-fà-á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. Irun pupa kún ìdí àwọn okùn ide náà. Àmọ́ lórí wọn, ní ṣóńṣó, ohun mìíràn lọ́ mọ́ ọn bí ìkúùkù.

"Ẹ tún ní bàtà àwọ̀ eérú?"

"Rárá, mi ò fẹ́ràn àwọ̀ eérú. Ó ń mú ẹsẹ̀ dà bíi ti òkú."

"Àbí ẹ fi yá ẹnì kan ni?"

"Búrọ́ọ̀ṣì mi? Láéláé!"

"Ẹ ṣeun." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì náà fún Sájẹ́ǹtì, ó sì yíjú sí ọmọ Màmá. "Ẹ má bínú, ìyàwó. Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ẹ ti ń kun ilẹ̀kùn lọ́wọ́lọ́wọ́?"

"Kí nìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ Màmá?" ọkọ rẹ̀ já lu ọ̀rọ̀.

"Ilé tuntun wa," obìnrin náà dáhùn. "Àwọn káfíńtà kùn wọ́n tán lọ́jọ́ tó ṣíwájú àná. Dádì ní kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀, kó lè gbẹ dáa..."

Ife náà dúró nínú aṣọ ìnuwọ́. Ó gbé ojú sókè, díẹ̀díẹ̀, sí ọkọ rẹ̀.

"Dádì?"

"Mi ò fọwọ́ kan Màmá," ọkùnrin náà wí. Òróró ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Mo búra, mi ò lù wọ́n. Mo kàn ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n ronú. Wọ́n fẹ́ gbé ilé ìtẹ̀wé fún àwọn òṣìṣẹ́! Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ló bá àwọn kọ́ ọ, àwọn òṣìṣẹ́ náà ló máa jogún ẹ̀. Àwa ńkọ́? Ìwọ ńkọ́? Mo rò pé wọ́n á gbà kílẹ̀ tó ṣú, àmọ́ wọn ò gbà. Olórí kunkun ni ìyá rẹ, ìwọ náà mọ̀!"

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà yíjú sí àwọn bàtà rẹ̀.

"Ò ń wò mí tí mò ń sunkún láti àná. Ò ń bu omi fún mi. Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Kí-ló-fà-á rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó gbé ife sílẹ̀, ó lọ sídìí fíríìjì, ó mú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn tọ ọkọ rẹ̀ lọ, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́, ó sì fa ìdì kọ́kọ́rọ́ yọ. Ọkùnrin náà kò lè wò ó lójú. Ọlọ́pàá kan tó bá wọn wá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

*

Sájẹ́ǹtì ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Kí-ló-fà-á pe àgọ́ pé kí wọ́n tú Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kíá, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin náà ta dé etí fóònù: "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń béèrè! Ṣé ẹ ti rí Màmá?"

Oòrùn ti ń rọ̀. Ilé náà wà láàárín yanrìn àti búlọ́ọ̀kù, kò tíì sí aládùúgbò kankan tó lè gbọ́ igbe. Ọmọ Màmá ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Yàrá ìkẹyìn ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dán, àwọ̀ oyin, tó fi jẹ́ pé ojú wọn hàn nínú rẹ̀. Àmọ́ láàárín rẹ̀, níbi gíga, dídán náà ti rún: èjìká méjì, àti ibi tí aṣọ ti fà á.

Kọ́kọ́rọ́ yí. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

"Ó ti lẹ̀ mọ́ férémù," Sájẹ́ǹtì wí. "Fáníìṣì ti gbẹ mọ́ ọn."

"Màmá!" ọmọ rẹ̀ ké. "Ìyá mi! Ẹ dá mi lóhùn!"

Sájẹ́ǹtì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Kí-ló-fà-á kún un, wọ́n jọ fà á. Ilẹ̀kùn ké bí aṣọ tó ń fàya, ó sì ṣí.

Màmá Onítẹ̀wé wà lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, gèlè rẹ̀ ká sẹ́yìn orí. Ètè rẹ̀ ti bó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì rí gàràgàrà, fáníìṣì ti gbẹ mọ́ wọn. Ojú rẹ̀ ṣí. Kò wo ọlọ́pàá kankan. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ìwọ náà mọ̀ sí i?"

Ohùn náà kò ju èémí lọ, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ wólẹ̀ sórí orúnkún. Ó na abẹ́rẹ́ sí i.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ìyá mi, ẹ wo ojú mi. Mi ò mọ̀."

Màmá wo ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Sájẹ́ǹtì fẹ́ sọ̀rọ̀, Kí-ló-fà-á di apá rẹ̀ mú.

Ìyá náà fi ọwọ́ gàràgàrà rẹ̀ fa apá bùbá rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, ó gbé apá tó ṣí sílẹ̀ náà lé orí itan ọmọ rẹ̀.

"Gún un," ó ní.